Gbólóhùn Tí Wọ́n Ṣe Àmín Sí: Ìwé Ìbéèrè Kan àti Àwòṣe Tí Kò Bá Dátà Mu ní Ilẹ̀ Ọ̀kun

Olùgbaninímọ̀ràn ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìsánlú, ní ilẹ̀ Ọ̀kun, ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Kogí, ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ó ń wá ìwé ìbéèrè kúkurú ní èdè Yorùbá, èyí tí yóò fi mọ àwọn ọmọ tó ka ara wọn sí ẹni tí kò já mọ́ nǹkan, kó lè pè wọ́n jókòó kí ọ̀rọ̀ wọn tó di ẹkún. Àbúrò mi kan, ọmọ Ìjùmú, tó ń kàwé oyè másítà nígbà náà, gbà láti fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Èmi ló máa ń pè bí ìṣirò bá ti há. Ó fún mi láyè láti kọ ọ́ síta. N ò ní dárúkọ rẹ̀, n ò sì ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ kankan, torí kò sẹ́ni tó hùwà burúkú nínú rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe lójoojúmọ́ náà ni àwa náà ṣe.

Òṣùwọ̀n iyì ara ẹni tó mú ni èyí tí Morris Rosenberg, onímọ̀ nípa àwùjọ ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1965, lẹ́yìn tó ti lò ó fún ọmọ ilé-ìwé tó lé ní 5,000 ní ìpínlẹ̀ New York. Gbólóhùn 10 ni. Márùn-ún ń sọ̀rọ̀ ara ẹni ní rere, márùn-ún ń sọ ọ́ ní búburú, ẹni tó ń dáhùn yóò sì mú ọ̀kan nínú ìdáhùn mẹ́rin, láti orí “mo gbà gan-an” títí dé “n kò gbà rárá”. Nígbà ìṣirò, a óò yí òǹkà àwọn gbólóhùn búburú padà kí gbogbo wọn lè kọjú síbì kan náà. Àbúrò mi túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ẹlòmíràn dá ìtumọ̀ náà padà sí Gẹ̀ẹ́sì, méjèèjì sì dọ́gba. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n pín in ní ilé-ẹ̀kọ́ mélòó kan ní Kàbà, Mọ̀pà àti Ìsánlú, ọmọ tó lé díẹ̀ ní 400 sì dáhùn.

Iṣẹ́ tó kàn ni èyí tí wọ́n ń pè ní confirmatory factor analysis, CFA ni a sábà máa ń pè é. CFA kì í wá kókó, ìyẹn ohun tó fara sin tó ń darí ìdáhùn, kiri inú dátà. Ìwọ lo máa kọ́kọ́ sọ ohun tí o gbàgbọ́, èyí tí à ń pè ní àwòṣe, òun yóò wá dán an wò. Ohun tí àbúrò mi sọ ni pé ohun kan ṣoṣo, bí ọmọ ṣe ka ara rẹ̀ sí, ló ń darí ìdáhùn sí gbólóhùn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Bí ìyẹn bá jẹ́ òótọ́, gbogbo ìbátan tó wà láàárín àwọn gbólóhùn náà gbọ́dọ̀ gba ara kókó kan yẹn wá. Kọ̀ǹpútà yóò ṣírò bó ṣe yẹ kí ìbátan wọ̀nyẹn rí, yóò sì fi wé bí wọ́n ṣe rí gan-an lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Gbólóhùn 10 ń fún wa ní òǹkà 55, ìyẹn bí ìdáhùn sí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ṣe ń yàtọ̀ láti ọmọ dé ọmọ àti bí gbólóhùn méjì-méjì ṣe ń bá ara wọn rìn. Àwòṣe kókó kan ń ná 20 nínú rẹ̀ láti fi ṣírò àwọn ohun tí kò mọ̀, ó sì ku 35. Márùndínlógójì yẹn ni ààyè tí àwòṣe ní láti kùnà. Gbólóhùn mẹ́ta lábẹ́ kókó kan ní tirẹ̀ ń fúnni ní 6, ó sì ń ná 6. Kò ṣẹ́ku nǹkan kan, nítorí náà yóò máa bá dátà mu nígbà gbogbo, bí agbádá fẹ̀ǹfẹ̀ tí kò sẹ́ni tí kò ní gbà á. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irú ìbámu bẹ́ẹ̀ yangàn lójú yín.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣe é, ó pè mí. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ilé o. Àwòṣe yìí ò bá a mu. Gbogbo rẹ̀ ló já.”

Gbogbo rẹ̀ ló já lóòótọ́. Chi-square, òǹkà tó ń dán an wò bóyá àwòṣe bá dátà mu, kọ̀ ọ́. Ìyẹn nìkan kì í já mi láyà, torí bí àṣìṣe kan náà bá wà nínú àwòṣe tí a sì sọ iye ọmọ di ìlọ́po méjì, chi-square náà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. A tún máa ń wo òǹkà ìbámu mẹ́ta: CFI, tó dára bó bá ga, àti RMSEA pẹ̀lú SRMR, tí wọ́n dára bí wọ́n bá kéré. CFI kò dé 0.90, RMSEA kọjá 0.10, SRMR náà ré kọjá 0.08 díẹ̀. Ààlà tí gbogbo wa mọ̀ ni èyí tí Hu àti Bentler kọ ní 1999: kí CFI súnmọ́ 0.95, kí RMSEA súnmọ́ 0.06, kí SRMR súnmọ́ 0.08. Kò sí èyí tó dé ibẹ̀.

Ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ rẹ̀ ní kó wo modification indices. Kọ̀ǹpútà máa ń to àwọn àyípadà tó lè mú chi-square wálẹ̀ jù lọ sílẹ̀ fúnni. Ó wò ó, ó so àṣìṣe gbólóhùn kan, ìyẹn apá ìdáhùn tí kókó kò ṣàlàyé, pọ̀ mọ́ ti èkejì, ó tún so òmíràn. Nígbà tó so ìkẹrin, CFI ti dé 0.95. Ó fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pẹ̀lú àmì ijó.

Mo bi í pé kó sọ ìdí tí àwọn gbólóhùn wọ̀nyẹn fi so pọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, kó má dárúkọ kọ̀ǹpútà. Ó rí ìdí fún ọ̀kan: gbólóhùn kejì àti ìkẹfà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà, méjèèjì ló ń sọ nípa “nígbà mìíràn” tí èèyàn rí ara rẹ̀ bí ẹni tí kò dára, bí ẹni tí kò wúlò. Kò rí ti mẹ́ta tó kù. Mo wá ní kó pín dátà sí méjì láì ṣa ẹnikẹ́ni, kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nínú ìdajì àkọ́kọ́, kó sì gbé àwòṣe tó bá rí lọ sínú ìdajì kejì. Nígbà tó dé ibẹ̀, méjì nínú ìsopọ̀ mẹ́rin náà kò lágbára mọ́. Ìdajì kejì ń tọ́ka sí gbólóhùn mìíràn pátápátá. MacCallum, Roznowski àti Necowitz ti kìlọ̀ nípa èyí láti 1992: àtúnṣe tí a bá ṣe nípa títẹ̀lé dátà kan sábà máa ń jẹ́ ti dátà yẹn nìkan. Inú àbúrò mi bàjẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sì dùn mọ́ èmi náà. Àmọ́ ó yọ ìsopọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò, kò sì dá wọn padà mọ́ títí iṣẹ́ náà fi parí.

Ohun kejì tí a dán wò, òun gan-an ló yẹ ká ti fi bẹ̀rẹ̀. Ìdáhùn mẹ́rin kì í ṣe òǹkà tó ń lọ geere bíi kìlómítà. Ipò tó tẹ̀ lé ara wọn ni. Maximum likelihood, ọ̀nà ìṣirò tó kọ́kọ́ lò, kà wọ́n sí òǹkà lásán. Nínú lavaan, irinṣẹ́ ìṣirò kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí ètò kọ̀ǹpútà R, àbúrò mi sọ pé ipò ni àwọn ìdáhùn wọ̀nyí, ó sì lo DWLS, ọ̀nà ìṣirò tó wà fún irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀. CFI fò lọ sókè 0.95 lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ RMSEA kò kúrò níbi tó wà.

Ibí yìí ni mo rí i tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. Wọn a rí CFI tó ga, wọn a kọ ọ́, wọn a sì tẹ̀síwájú. Dátà tó ń lọ geere àti maximum likelihood ni Hu àti Bentler fi dá ààlà wọn. Xia àti Yang fi hàn ní 2019 pé, fún dátà onípò, DWLS sábà máa ń fún àwòṣe kan náà ní òǹkà tó dára ju ti maximum likelihood lọ, láì jẹ́ pé àwòṣe ọ̀hún sàn sí i. Ọ̀nà ìṣirò tó tọ́ ni a bọ́ sí, mo sì máa sọ fún ẹnikẹ́ni kó lò ó, ṣùgbọ́n ààlà àtijọ́ kò bá wa dé ibẹ̀. Pé CFI ní bẹ́ẹ̀ ni tí RMSEA sì ní rárá kò túmọ̀ sí pé ọ̀kan ń purọ́. CFI ń bèèrè bí àwòṣe yìí ṣe sàn tó ju àwòṣe tó ní kò sí ìbátan kankan láàárín àwọn gbólóhùn lọ. RMSEA ń bèèrè bí àṣìṣe ṣe pọ̀ tó fún ààyè kọ̀ọ̀kan tí àwòṣe ní láti kùnà. Ìbéèrè méjì ni wọ́n.

Lẹ́yìn èyí ni a dé ibi tí ìbá ti tàn wá jẹ pátápátá. Ó pín kókó sí méjì: gbólóhùn rere lábẹ́ ọ̀kan, gbólóhùn búburú lábẹ́ èkejì. Gbogbo òǹkà ìbámu ló dára, RMSEA pẹ̀lú. Ọ̀gá rẹ̀ dunnú, ó ní kó máa kọ orí karùn-ún lọ, kó kọ ọ́ pé láàárín ọmọ Yorùbá ìwọ̀-oòrùn Kogí, iyì ara ẹni pín sí méjì. Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn, àwọn èèyàn yóò sì kà á.

Mo ní kó fún mi ní ohun méjì kó tó kọ ọ́: òǹkà tó so gbólóhùn kọ̀ọ̀kan mọ́ kókó rẹ̀ (bó bá ṣe súnmọ́ 1 tó ni ìsopọ̀ náà ṣe lágbára tó), àti tábìlì ìyókù. Tábìlì ìyókù ni ibi tí kọ̀ǹpútà ti fi hàn, fún gbólóhùn méjì-méjì, bí ìbátan tó yẹ kó wà ṣe jìnnà tó sí èyí tó wà. Ojú tì mí pé láti ọjọ́ yìí wá, àtòpọ̀ òǹkà ni àwa méjèèjì ń wò, a kò ṣí tábìlì yìí rí. Gbólóhùn karùn-ún kò fi bẹ́ẹ̀ so mọ́ kókó rẹ̀. Ti ìkẹjọ kò tilẹ̀ tó 0.20. Àwòṣe kókó méjì bá dátà mu dáadáa, síbẹ̀ gbólóhùn méjì wà nínú rẹ̀ tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ wọn nǹkan kan. Irú èyí kì í ṣe ìyanu: gbólóhùn tí kò so mọ́ ohunkóhun kì í bá àwòṣe jà, torí ìbátan kékeré rọrùn láti bá mu. Hancock àti Mueller kọ nípa rẹ̀ ní 2011, pé òṣùwọ̀n tí kò dúró dáadáa lè ní ìbámu tó dára ju èyí tó dúró ṣinṣin lọ.

Inú tábìlì ìyókù ti àwòṣe kókó kan ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. Lẹ́yìn tí a ti yí òǹkà gbólóhùn kẹjọ padà, ó ń lòdì sí gbólóhùn kẹta àti ìkeje. Àwọn ọmọ tó sọ pé àwọn ní ìwà rere, pé àwọn ní iyì, àwọn gan-an náà ló ń gba gbólóhùn kẹjọ tó yẹ kí wọ́n kọ̀. Kọ̀ǹpútà kò lè sọ ìdí rẹ̀ fún wa, àfi àwọn ọmọ.

A wọ ọkọ̀ ní Lókójà láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, a la àárín àwọn tírélà sìmẹ́ǹtì kọjá ní Ọbájánà, a dé Kàbà kí wọ́n tó lu aago oúnjẹ. Àwọn ọmọ kí wa ní “Ọ̀kun o”, àbúrò mi sì dá wọn lóhùn. Ọmọ mẹ́rìnlá ni a bá sọ̀rọ̀ láàárín ọjọ́ náà àti ọjọ́ kejì ní Ìsánlú, lọ́kọ̀ọ̀kan, lábẹ́ igi. Ohun mẹ́ta péré ni a ní kí wọ́n ṣe: kí wọ́n ka gbólóhùn sókè, kí wọ́n fi èdè ilé wọn sọ ohun tó túmọ̀ sí, Owé tàbí Yàgbà, kí wọ́n sì sọ ìdí tí wọ́n fi mú ìdáhùn tí wọ́n mú.

Wàhálà àkọ́kọ́ jáde láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìwé tí a kọ lórí kọ̀ǹpútà ní àmì ohùn, ó ní àmì ìsàlẹ̀. Èyí tó jáde nílé ìtẹ̀wé kò ní ọ̀kankan, wọ́n sì ti lẹ “n kò” pọ̀ di “nko”. Ọmọkùnrin kan kà á bí “ńkọ́”, ó dúró, ó wò wá lójú bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kò parí. Ó ní nígbà tí òun dáhùn lákọ̀ọ́kọ́, òun kàn fo ọ̀rọ̀ yẹn ni. Ẹ rò ó wò: ọ̀rọ̀ tó sọ gbólóhùn di búburú ni ó fò.

Wàhálà kejì wà nínú ètò gbólóhùn náà fúnra rẹ̀. “N kò wúlò” ni ìwé sọ. Ọmọ tó mọ̀ pé òun wúlò gbọ́dọ̀ mú “n kò gbà”. Kò kan ti di méjì. Ọmọ kan bi wá léèrè pé, “Sà, bí mo bá ní n kò gbà, ṣé kì í ṣe pé mo ń sọ pé n kò wúlò náà ni?” Ó ti mú “mo gbà gan-an”, ohun tó sì ní lọ́kàn ni pé bẹ́ẹ̀ ni, òun wúlò. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mẹ́ta ni a rí nínú mẹ́rìnlá. Ìdí abájọ kan nìyẹn tí àwọn gbólóhùn búburú fi ń rìn pọ̀: ọmọ tí “kò” bá rú lójú nínú ọ̀kan, yóò rú u lójú nínú àwọn yòókù. Kókó kejì tí à bá gbé gẹ̀gẹ̀ lórí ìwé, ọ̀nà tí a gbà kọ gbólóhùn wà nínú rẹ̀ ju ọkàn ọmọ lọ.

Ẹ̀kẹta ni n kò lè gbàgbé. Gbólóhùn karùn-ún sọ pé, “N kò ní ohun púpọ̀ tí mo lè fi yangàn.” Ọmọbìnrin kan, ọmọ tó ń mú ipò kìíní ní kíláàsì rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ rẹ̀ ṣe wí, ti mú “mo gbà gan-an”. A bi í pé kí ló dé. Ó ní, “Ta ló ń yangàn, mà? Ìgbéraga nìyẹn.” Nínú òǹkà wa, ọmọ tó ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ara rẹ̀ ni. Lójú ara rẹ̀ àti lójú òbí rẹ̀, ọmọ tí a kọ́ tó gba ẹ̀kọ́ ni. Nígbà tó wá ka gbólóhùn kẹjọ, “Ó wù mí kí n túbọ̀ ní ọ̀wọ̀ fún ara mi,” ó rẹ́rìn-ín, ó sì ní, “Àmín.” Ọmọ mẹ́ta mìíràn ló ṣe àmín sí i kí ọjọ́ kejì tó parí. Rosenberg kọ ọ́ kí ẹni tó bá gbà á lè fi hàn pé òun kò bọ̀wọ̀ fún ara òun tó. Ní etí àwọn ọmọ wọ̀nyí, àdúrà ni, ta ló sì ń kọ àdúrà? Gbólóhùn kan náà yìí ti dá irú wàhálà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láàárín àwọn tó túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Ṣáínà.

Ìtumọ̀ tí a dá padà sí Gẹ̀ẹ́sì kò rí ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí, kò sì lè rí i. Ẹni tó dá a padà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Ó rí “ọ̀wọ̀ fún ara mi”, ó mọ ibi tó ti wá. Ìgbà tí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá bá kà á sókè ní Kàbà ni a máa tó mọ̀ bóyá a ti túmọ̀ rẹ̀.

Wọ́n tún un kọ. Gbólóhùn karùn-ún di “Mo máa ń rò pé kò sí ohun dáadáa kan lára mi tí inú mi lè dùn sí.” Ìkẹfà di “Nígbà mìíràn, mo máa ń rí ara mi bí aláìwúlò,” a sì tipa bẹ́ẹ̀ yọ “kò” kúrò. Ìkẹjọ di “Ó máa ń ṣe mí bíi pé mo fojú kéré ara mi ju bó ṣe yẹ lọ.” A ka gbogbo rẹ̀ fún ọmọ mẹ́fà, kò sẹ́ni tó ṣe àmín. Àbúrò mi jókòó ti atẹ̀wé títí ojú ìwé àkọ́kọ́ fi jáde pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀.

Ní sáà tó tẹ̀ lé e, wọ́n pín in fún ọmọ mìíràn, ní Ẹ̀gbẹ̀ àti Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀. Kí ìwé kankan tó padà wá, ó ti kọ àwòṣe rẹ̀ sílẹ̀, ó fi déètì sí i, ó sì fi ránṣẹ́ sí mi: kókó kan fún gbólóhùn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, pẹ̀lú ìsopọ̀ àṣìṣe kan ṣoṣo, láàárín ìkejì àti ìkẹfà, fún ìdí tó ti sọ fún mi láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Chi-square ṣì kọ̀ ọ́. CFI kọjá 0.95. RMSEA ré kọjá 0.06 díẹ̀, òkè àlàfo ìdánilójú rẹ̀ sì kọjá 0.08. Gbólóhùn karùn-ún àti ìkẹjọ ti so mọ́ kókó náà, méjèèjì kọjá 0.50. Nínú tábìlì ìyókù, kò sí èyí tó dé 0.10. Ọ̀gá rẹ̀ wo RMSEA, ó ní kó so gbólóhùn méjì sí i kó lè wọ ààlà. Ó dá a lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, n kò ní ìdí kankan tí mo lè kọ síbẹ̀.” Ó fi tábìlì ìyókù hàn án àti ohun tí àwọn ọmọ sọ. Baba náà kà á fún ọjọ́ méjì, ó sì gbà. Mo bọlá fún un nítorí ìyẹn, torí kò rọrùn fún ọ̀gá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, mo mọ̀ pé ìwé ìròyìn ẹ̀kọ́ yóò bèèrè 0.95 lọ́wọ́ yín. Ẹ fún wọn, ṣùgbọ́n ẹ fi tábìlì ìyókù àti òǹkà ìsopọ̀ tì í. Marsh, Hau àti Wen ti bẹ̀bẹ̀ láti 2004 pé kí a má sọ ààlà Hu àti Bentler di òfin, níwọ̀n bí inú irú àwòṣe kan pàtó ni wọ́n ti dá a. Daniel McNeish àti Melissa Wolf ti ṣe ọ̀nà kan báyìí tí èèyàn lè gbà dá ààlà tó bá àwòṣe tirẹ̀ àti iye èèyàn tirẹ̀ mu, àbúrò mi sì ń kọ́ ọ. Bí òǹkà bá sì burú, kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, ẹ lọ bá ọmọ mẹ́wàá jókòó. Owó ọkọ̀ láti Lókójà sí Ìsánlú kò tó ohun tí a ti ná sórí dátà àkọ́kọ́.

Ó ku olùgbaninímọ̀ràn wa ní Ìsánlú. Ó ti gba èsì dátà àkọ́kọ́ kí a tó dá a dúró, ó sì ti kọ orúkọ àwọn ọmọ tí òǹkà wọn kéré jù sínú ìwé àjákọ rẹ̀ láti máa pè wọ́n. Àbúrò mi gbé ìwé náà lọ bá a, wọ́n jọ yẹ̀ ẹ́ wò ní orúkọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé gbólóhùn karùn-ún àti ìkẹjọ nìkan ló gbé wọn débẹ̀. Ó fagi lé orúkọ wọn. Ọmọkùnrin kan wà tí kò sí nínú ìwé rárá, tó ti mú “n kò gbà rárá” sí gbogbo gbólóhùn rere, tó sì ti fo gbogbo ibi tí “nko” wà. Orúkọ tirẹ̀ ni obìnrin náà kọ sí òkè, ó sì rán ọmọ kan lọ pè é láti kíláàsì kí àbúrò mi tó kúrò ní ọ́fíìsì rẹ̀.